Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án Lọ́rùn

Ojú òsì awakọ̀ náà kéré ju ti ọ̀tún lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, nítorí pé aránṣọ ni, ojú aránṣọ kì í sì í fo ohun tí kò bá dọ́gba. Ìpéǹpéjú náà rọ̀ wálẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn lápá kan ṣoṣo, dúdú inú ẹyinjú sì ti sún kì, ó ku bíńtín. Ó bi í bóyá nǹkan kó sí i lójú. Ọkọ ní ojú òun ti rí màbo lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òun forí sọ ògiri, kí ó jẹ́ kí ó sinmi.

Kò parọ́. Bíréékì ló kọ̀ tí kò mú, ọkọ̀ lọ kọ lu ògiri, bẹ́líìtì tó so mọ́ àyà sì fà á lọ́rùn gidigidi. Ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò ya àwòrán egungun ọrùn rẹ̀, wọ́n ní egungun kankan ò ṣẹ́, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ohun tó kù kò ju ìlà pupa tí bẹ́líìtì fà sí ẹ̀gbẹ́ òsì ọrùn rẹ̀ lọ, àti ọrùn tó ń ro ó.

Ọrùn tó bá ń roni, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń jó o nínú ilé yẹn, kí wọ́n sì fọwọ́ líle tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Aránṣọ gbé kẹ́tùlù kaná. Ó ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi, ó fún un, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Nǹkan kan gbá a lẹ́yìn ọwọ́, pá. Táwẹ́ẹ̀lì já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó ti tutù bí ohun tó sùn síta mọ́jú. Oòrùn wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn wà ní títì, àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà níbẹ̀.

Ó tún un ṣe. Ó tún gbọ́ pá.

Ó mọ ọwọ́ tó ń gbáni bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, bó bá sì ti fẹ́ gé aṣọ níbi tí kò yẹ, ìyá náà á fi igi ìwọ̀nṣọ gbá a lẹ́yìn ọwọ́, kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbá náà kì í dùn ún tó ìtìjú rẹ̀. Ìyá yìí ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mélòó kan.

Ìgbà yẹn ni ọkọ rẹ̀ rọra bi í pé, "Ta ló ń mí sí mi létí?"

"Létí wo?"

"Òsì. Fùù, fùù. Láti àná ni. Ó jọ bí Màmá ṣe máa ń mí nígbà tí ikọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu."

Aránṣọ gbé táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Òkú tó bá wá jókòó ti aláìsàn, kí ló wá ṣe bí kò ṣe pé ó wá mú un lọ? Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ọkọ má baà gbọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín ni, ọkọ mi ni. Àwọn ọmọ wa ò tíì dàgbà. Ẹ padà síbi tí ẹ ti wá."

Kọ́tìnnì mì lẹ́ẹ̀kan. Yàrá náà ṣófo lójijì, bí ìgbà tí àlejò bínú jáde. Ó gbé táwẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni ò gbá a lọ́wọ́. Àmọ́ bí táwẹ́ẹ̀lì ṣe kan ọrùn, tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ rárá, ife omi tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ mu bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Aránṣọ figbe ta, aládùúgbò gbé ọkọ̀ wá. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ńlá, ọwọ́ náà ti ń padà bọ̀ sípò, ọkùnrin náà sì ti ń sọ pé ara òun ti yá, kí wọ́n yí mọ́tò padà. Ìyàwó rẹ̀ ní bó bá fẹ́ padà, kó fẹsẹ̀ rìn.

Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin tí kì í pariwo. Ó wo ojú tó kéré, ó wo ìlà bẹ́líìtì, ó bi aláìsàn bóyá ó ń gbọ́ nǹkan létí. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e lọ́rùn, ó tẹ́tí sí i.

"Èmi náà ń gbọ́ ọ," ló wí.

Aránṣọ sún mọ́ ọn. "Ta ni, Dókítà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, ìyá mi. Ó ń gba ibi tóóró kọjá."

Wọ́n fa oògùn kan sí i lápá kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè hàn, wọ́n sì tì í wọ inú ẹ̀rọ ayàwòrán tó rí róbótó. Nígbà tí àwòrán jáde, dókítà pe aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kó ro ti ẹ̀wù kóòtù: ó lè má ya lóde kí láínì, aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, ti ya. Bẹ́líìtì ti ya láínì iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, èyí tó ya ti ká kò, ó dí ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ sì ti dì sẹ́yìn rẹ̀. Ègé kan ló fò lọ sókè lónìí, orí ló yọ ọ́ tó fi yọ́ dànù. Ìdì tó tóbi ṣì wà níbẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọn yóò máa fà sí i lára, bí ọ̀nà bá sì tún há sí i, wọn yóò ki wáyà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ láti là á.

"Ṣé ẹ ti tẹ ọrùn yìí nílé?"

"Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọn ò gbà fún mi."

Dókítà wò ó. Kò bi í pé ta ni. "Ẹni tó wù kó jẹ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ẹ tẹ̀ ẹ́ ni, gbogbo ìdì yẹn ì bá ti lọ sórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Aránṣọ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ òun lòun lé lọ. Nígbà tó nu ojú tán, ó wá àga kan, ó gbé e sí apá òsì ibùsùn, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, mi ò mọ̀ ni. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ wá jókòó." Láti ọjọ́ náà kò jókòó lórí àga yẹn. Orí ìdúró ló ń wà, tàbí ó fìdí lé ẹsẹ̀ ibùsùn.

Oògùn ṣiṣẹ́. Ìpéǹpéjú ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà pé kí wọ́n má fẹ́ òun, aya òun ní abẹ́rẹ́ ju tiwọn lọ. Àwòrán tuntun jáde, dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti ń là, pé wọn yóò padà sílé láìpẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, àlejò dé fún aláìsàn kejì, kò sì rí ibi jókòó. Nọ́ọ̀sì wá gbé àga tó ṣófo. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó fọwọ́ kejì sábẹ́ ìjókòó, ó sì fẹ́ gbé e. Àga ò kúrò nílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ kan òtútù, ó yára fà á padà. Ó wo aránṣọ tó dúró lójú fèrèsé láti àárọ̀.

Nọ́ọ̀sì náà tẹ orúnkún díẹ̀ síwájú àga náà. "Ẹ má bínú, Mà," ló wí, ó sì lọ wá òmíràn ní yàrá kejì.