Àwọn Ìgbín Òkun Tó Ya Ara Wọn Sọ́tọ̀

Ẹni tó bá pe èyí nírọ́, kó lọ bi àwọn tó rí i. Ẹni méjì ni wọ́n, wọ́n ṣì wà láyé, orí wọn sì pé.

Ọ̀kan ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́yá, nítorí iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbín òkun ló ń tọ́jú ní ilé ìwádìí kan. Ìkejì ni ọ̀gá rẹ̀, àgbà obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Òkun.

Àpótí dígí méjì ló wà nínú yàrá wọn tí kò ní fèrèsé. Ìgbín orí àpáta wà nínú ọ̀kan, ti inú iyanrìn wà nínú èkejì. Ìkarahun wọn jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí Ìyá Òkun ti ń fura pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Ó kù kí ẹ̀rọ yẹ àbùdá tí wọ́n jogún wò. Wọn ò sì lè rí òmíràn ṣà mọ́: wọ́n ti da òkúta bo etíkun tí wọ́n ti ṣà wọ́n.

Òfin yàrá ò ju ọ̀kan lọ: fi ọ̀dà sàmì sí ìkarahun kí o tó gbé ìgbín kúrò láyè rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́. Kékeré kan ṣoṣo ló ń lo bátìrì. Kí wọ́n má bàa kú, Ọwọ́yá tan iná fóònù, ó sáré kó gbogbo ìgbín sínú báàfù kan tí ẹ̀rọ kékeré náà wà. Èyí tó kẹ́yìn ti bọ́ sómi kó tó rántí ọ̀dà.

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Ìyá, mo ti dà wọ́n pọ̀. Mi ò sàmì sí wọn."

Ìyá Òkun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. "Ọwọ́ rẹ yá ju orí rẹ lọ. Lọ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

Fóònù kú. Òkùnkùn bolẹ̀.

Kẹrẹ. Kẹrẹ. Ìkarahun ń ha báàfù.

"Ṣé ìwọ lò ń fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Ọwọ́ mi wà láyà mi, Ìyá."

Kẹrẹ. Kẹrẹ. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Iná dé. Àwọn ìgbín ti pín sí mẹ́ta: apá òsì, apá ọ̀tún, àti àárín. Àlàfo tó wà láàárín wọn gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ìyá Òkun kúnlẹ̀ ti báàfù. "Ẹ wo ẹ̀dá! Ohun tí mo ń fi ẹ̀rọ wá kiri, wọ́n mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn." Ó gbójú sókè. "Jẹ́ kí ẹrù wà níbẹ̀. Mú ọ̀dà wá."

Wọ́n sàmì, wọ́n gé ẹran ara díẹ̀, ẹ̀rọ sì sọ tirẹ̀. Òsì àti ọ̀tún, ẹ̀yà méjì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tàárín? Ẹ̀rọ ní ọ̀kan náà ni àwọn àti ti òsì. Wọ́n tún un ṣe. Ọ̀kan náà ni.

Ọwọ́yá mú ọ̀kan láàárín, ó rọra gbé e sáàárín àwọn ti òsì. Ó pa iná. Kẹrẹ, kẹrẹ. Nígbà tó tan án, gbogbo wọn ti sún kúrò. Ó ku èyí tó gbé síbẹ̀ nìkan.

"Ìyá, ẹ̀rọ ní ọmọ ìyá ni wọ́n."

"Mo gbọ́."

"Kí ni wọ́n wá rí lára rẹ̀?"

Ìyá Òkun nawọ́, ó pa iná fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró nínú òkùnkùn, wọ́n ń mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń tẹ́tí sí àwọn ìgbín.