Yímíyímí Tí Ìwo Rẹ̀ Ṣẹ́

"Áà! Kòkòrò yìí ni odindi dókítà ń tọ́jú bí ẹyin ojú?" Ọ̀rẹ́ Akọ̀wé di ìhà mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà dun Akọ̀wé. Bàbá àgbà rẹ̀, dókítà náà, ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé, torí òun ló máa ń bá a kọ ibi tó ti rí kòkòrò kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó mú un sórí ìwé pélébé tí wọ́n gún un mọ́. Ó ṣí àpótí onígíláàsì, ó fa yímíyímí oníwo gígùn kan yọ. "Má fojú di í o! Láti ọgbọ̀n ọdún, ẹyọ kan yìí náà ni Bàbá rí."

Kẹ́! Ìwo ṣẹ́.

"Mo gbé!"

"Fara balẹ̀ jàre," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ṣebí yímíyímí kún ẹ̀yìnkùlé yín? Mú òmíràn, kó o gún un mọ́ ìwé yẹn. Ta ló máa mọ̀?"

Akọ̀wé ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, kí bàbá àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn aláìsàn, ó gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé kòkòrò náà. Ó nu awò, ó tún wò ó. Ó wá rọra jókòó.

"Akọ̀wé mi, ojú ti ń tàn mí. Èyí tí mo ní ó ṣọ̀wọ́n, yímíyímí ẹ̀yìnkùlé lásán ni."

"Bàbá, kòkòrò ṣá ni."

"Bí mi ò bá dá kòkòrò mọ̀, ṣé àìsàn ni màá wá dá mọ̀? Sọ fún nọ́ọ̀sì kó ní káwọn èèyàn máa lọ. Mo ti ṣíwọ́ iṣẹ́."

Akọ̀wé dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá kan ń fi káàdì fẹ́ ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Akọ̀wé wo ọmọ náà. Ó padà, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ojú yín ò tàn yín. Èmi ni mo ṣẹ́ ìwo rẹ̀, mo sì fi òmíràn rọ́pò ẹ̀."

Bàbá àgbà na ìka sí kòkòrò náà.

"Èyí tó ṣẹ́ ṣì wúlò fún mi. Èyí tó o fi purọ́ fún mi yìí ni ò wúlò. Mú kọ́kọ́rọ́ àpótí wá. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kó o tó tún fọwọ́ kàn án."

Omijé ń bọ́ lójú Akọ̀wé bó ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Bàbá àgbà fọ ọwọ́, ó ní kí ìyá ọlọ́mọ wọlé.

Ọjọ́ yẹn ló yé Akọ̀wé pé nígbà tó fi irọ́ bo àṣìṣe rẹ̀, ẹni tó fọkàn tán an jù lọ ló sọ di afọ́jú.