Àwọ̀ Tó Kù

Oníbàárà kan wá bá Pẹ́ńtà tó ń po ọ̀dà, ó mú èérún ògiri kan lọ́wọ́, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó sì ní irú àwọ̀ yẹn gan-an lòun fẹ́, kò gbọdọ̀ fi bíńtín yàtọ̀. Pẹ́ńtà rẹ́rìn-ín. Ó da ọ̀dà funfun sínú garawa, ó ń kán àwọ̀ sí i láti inú àwọn ìgò tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó gbé ìgò kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa ìdérí rẹ̀, nítorí ó ti fi ọ̀bẹ sàmì sára wọn, ohun tó fi ń dá wọn mọ̀ nìyẹn. Ó fi igi rò ó títí, ó wá kọjú sí ọmọbìnrin rẹ̀.

"Kí ló kù?"

Ọmọ náà gbé èérún ògiri náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, ó di ojú kan, ó la ojú kan. Ó ní pupa ló kù, ẹ̀kán méjì péré, àti dúdú tí kò tó nǹkan. Bàbá rẹ̀ kán an sí i. Nígbà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára pátákó tó sì gbẹ, oníbàárà náà gbé èérún ògiri rẹ̀ lé e lórí, kò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí mọ́.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ọmọ náà ní Ojúlówó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń múra ìdánwò àṣekágbá, ó sì lè fi oríṣi funfun mẹ́rin hàn yín níbi tí èmi àti ẹ̀yin ti máa rí ẹyọ kan. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń gba ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ tí ilé ìwé bá parí. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ fi yé e níbẹ̀ ni pé ohun tí o bá ti dà sínú garawa, inú garawa ló wà, kò lọ síbì kan. Tí o bá mọ gbogbo ohun tó ti wọ inú rẹ̀, wàá mọ èyí tó kù tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Ó ti tó ọdún méjì tí Pẹ́ńtà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Awọ funfun kan ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ lè ṣí i, àmọ́ dókítà tó ń ṣe é kì í gbé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wá lọ́dún. Wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, torí ohun tó wà lẹ́yìn awọ náà ti ń bàjẹ́, ìyẹn kò sì ní àtúnṣe.

Owó iṣẹ́ abẹ ojú kan ni Pẹ́ńtà rí kó jọ. Ó wà ní báńkì, orí fóònù rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i, Ojúlówó nìkan ló sì mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, nítorí òun ló ń ka gbogbo ohun tó bá wọlé sórí fóònù náà. Pẹ́ńtà a máa fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ojú méjì ni tiwọn, ẹyọ kan ni tòun, àmọ́ tòun ń lọ sílé ìwé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí dókítà dé nígbà tí ọ̀rẹ́ Ojúlówó kan ní kíláàsì, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, fi eré kan hàn án lórí fóònù lákòókò ìsinmi. Eré tó rọrùn ni. Dáìsì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, àmọ́ dípò àmì róbótó-róbótó, àwọ̀ mẹ́fà ló wà ní ìhà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: pupa, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, funfun àti dúdú. O mú àwọ̀ kan, o fi owó lé e, dáìsì náà yí. Bó bá dúró lórí àwọ̀ tìẹ, wọ́n á fún ọ ní ìlọ́po márùn-ún owó tí o fi lé e. Àwọn tó ni eré náà kò tilẹ̀ fi nǹkan pa mọ́. Ìhà mẹ́fà, ìlọ́po márùn-ún: ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá jókòó ṣírò ó á mọ ẹni tó máa jèrè níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣírò nǹkan nígbà tí àwọ̀ bá ń tàn yinrin níwájú rẹ̀?

Ẹlẹ́rìn-ín ní kó bá òun mú àwọ̀ kan. Ojúlówó wo àwọn àwọ̀ tó ti jáde ṣáájú, tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ ojú fóònù. Yẹ́lò kò sí nínú wọn. Ó ní yẹ́lò ló kù. Dáìsì yí, ó sì dúró lórí yẹ́lò.

Ẹlẹ́rìn-ín dì mọ́ ọn. "Ìwọ yìí, o mọ àwọ̀ débi pé ẹ̀rọ pàápàá ń gbọ́ tìẹ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn pa Ojúlówó lẹ́rìn-ín kó sì tán síbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbà á gbọ́.

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni o. Kò sáré bẹ̀rẹ̀. Ó gbé eré náà sórí fóònù bàbá rẹ̀, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ máa wò ó ni, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kò sì fi owó kankan lé e. Ńṣe ló ń kọ àwọ̀ tó bá jáde sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí wọ́n bá pò sínú garawa, ó wá ń wo èyí tó kù. Nígbà tó bá mú un, orí rẹ̀ á wú. Nígbà tí kò bá mú un, á ní òun ò tíì kọ ọ́ pẹ́ tó ni. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò burú rárá: owó ojú kan wà nílẹ̀, òun á fi ọgbọ́n sọ ọ́ di owó ojú méjì, inú bàbá òun á sì dùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ilé ìwé, nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn àwọn garawa, dáìsì ti yí nígbà mẹ́rìnlá láìmú búlúù jáde. Ojúlówó fi owó díẹ̀ lé búlúù. Kò jáde. Ó fi ìlọ́po méjì lé e, torí lójú tirẹ̀ búlúù kò níbi tó máa gbà mọ́. Nígbà tó yá, ó jáde lóòótọ́, owó tó ti lọ padà wá, èrè díẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Èrè yẹn ló bà á jẹ́. Ká ní ó pàdánù pátápátá lọ́jọ́ náà ni, bóyá ẹ̀rù ì bá bà á.

Kò pẹ́ tí fóònù fi ń bá a lọ sílé ìwé. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ máa fi múra ìdánwò, ìyẹn sì gbà. Ó wá di ẹni tó ń tọrọ àyè láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà mẹ́rin lójúmọ́, kì í sì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn ń lọ ṣe níbẹ̀ lòun ń lọ ṣe. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ìdajì owó náà ti lọ. Kò wá ronú èrè mọ́, kí owó náà sáà ti pé padà ló ń wá.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, Pẹ́ńtà a béèrè pé owó àwọn ńkọ́. Ojúlówó a tan fóònù, a wò ó bí ẹni tó ń kà á, a ní, "Ó pé, Bàbá mi." Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, ó kólòlò. Nígbà tó fi máa di ìgbà karùn-ún, ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ geere.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ tí dókítà máa dé, pupa kò jáde nínú ìgbà mọ́kàndínlógún. Ojúlówó kó gbogbo ohun tó kù lé pupa. Dáìsì náà yí, ó sì dúró lórí àwọ̀ ewé.

Ó wá Ẹlẹ́rìn-ín lọ. Ìyẹn ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tóun ti pa eré náà rẹ́ nígbà tí owó oúnjẹ òun lọ sí i, ó ní òun rò pé Ojúlówó ń jẹ ní tirẹ̀ ni. Ojúlówó padà sí ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó jókòó ti àwọn garawa. Ọjọ́ méjì ṣì wà níwájú rẹ̀. Pẹ́ńtà ní ọ̀rẹ́, ó ní oníbàárà tó lè ṣàánú rẹ̀, ọjọ́ méjì sì tó láti fi tọrọ kiri. Ṣùgbọ́n ojú ti ọmọ náà, ẹ̀rù sì ń bà á, ló bá dákẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, dídákẹ́ yìí ni n kò lè bá a wá àwáwí sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Pẹ́ńtà fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo tí ọ̀dà kò tíì kàn, ó di èjìká ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sì lọ. Nígbà tó kàn wọ́n, obìnrin tó ń gba owó lójú fèrèsé gba fóònù, ó wò ó, ó tún un wò.

"Kò sí owó níbí," ó ní.

Pẹ́ńtà rẹ́rìn-ín. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. "Ọmọ mi, bá wọn wò ó dáadáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kà."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Bàbá mi. Mo ti fi ta tẹ́tẹ́."

Obìnrin náà kò wo ojú wọn mọ́. Ó rọra ní kí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó kàn lè sanwó. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, àyè Pẹ́ńtà ti di ti ẹlòmíràn, dókítà sì padà síbi tó ti wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Orí bẹ́ǹṣì kan níta ilé ìwòsàn ni Pẹ́ńtà ti ní kó sọ bó ṣe jẹ́ fóun. Ó sọ gbogbo rẹ̀, tòun ti àwọ̀ tó ń kọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń wá èyí tó kù. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó sì bi í léèrè bí ẹní ń bèèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

"Tí dáìsì yẹn bá ti yí tán, ṣé ohun tó jáde tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀?"

"Rárá, Bàbá mi."

"Garawa tí wọ́n ń fọ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà nìyẹn. Kí lo wá ń kà nínú garawa òfìfo?"

Pẹ́ńtà wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo bi ọ́." Kò lù ú, kò sì bú u. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, kò di èjìká rẹ̀ mú, ara ògiri àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ń fọwọ́ tọ́ lọ.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rẹ́ Pẹ́ńtà dáwó, wọ́n mú un lọ. Dókítà tan iná sí ojú òsì, ó tan án sí ojú ọ̀tún, ó ní ó ti pẹ́ jù, kí wọ́n máa gbé owó wọn lọ sílé.

Pẹ́ńtà ṣì ń po ọ̀dà. Ó ṣì ń bi Ojúlówó léèrè àwọ̀, torí oníbàárà lè fojú ara rẹ̀ wò ó bóyá òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún pé ọ̀rọ̀ kan ti wọlé sórí rẹ̀. Ojúlówó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti na ọwọ́ láti gbà á. Pẹ́ńtà kò gbé e fún un. Ó dìde, ó táràrà dé etí títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ bá ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì kó lè bá òun kà á. Ọlọ́kadà kan tẹ búréèkì lójijì, ó bú u, ó sì yà fún un. Ojúlówó dúró síbi tó wà títí bàbá rẹ̀ fi sọdá tán, torí ó mọ̀ pé bí òun bá lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, á gba ọwọ́ náà padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, eré tó ń gba owó lọ́wọ́ yín kò mọ ọgbọ́n yín, kò sì rántí ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú tó kọjá. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ẹni tó fi owó ẹlòmíràn wá oore fún un láìsọ fún un, olè ni títí oore náà yóò fi dé. Ti Ojúlówó kò dé.