Ìbejì Orí Ọ̀kadà Tàófíìk

"Ta ló kọ́ ọ ní ìwé Ṣáínà?"

Ọ̀rọ̀ tí Tàófíìk kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn, lọ́jọ́ tó gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbó-Ọrà pé kí n bá òun kọ nọ́ńbà sí i. Ara ògiri ló ń wò, níbi tí mo lẹ àwọn tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì kọ mọ́.

"Fóònù ló kọ́ mi. Ṣé o fẹ́ bá a jà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Ó wá ń padà wá ṣáá. Lónìí, ìlà pupa. Lọ́la, ìlà funfun. Èmi náà ń fi oríṣiríṣi ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà hàn án: ọ̀kan dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, ọ̀kan ń rìn gbẹ̀fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ọwọ́ koríko sì ń sáré bí koríko nínú ìjì.

"Èwo ló jọ mí?"

"Koríko. O ò lè dúró jẹ́ẹ́."

"Ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ni mo ti ń dúró, Àbẹ̀kẹ́ mi."

Ọjọ́ tó ní òun máa fẹ́ mi, mo fi ọ̀dà pupa kọ 囍 sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ayọ̀ méjì tó fèjìká kan èjìká ni. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn níbi ìgbéyàwó ní Ṣáínà. Gbogbo ìlà rẹ̀ ni mo kọ pé. N kì í kọ̀wé láàbọ̀.

Àfi bí bàbá rẹ̀, Alfa Sàláúdéènì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ṣe rí i.

"Ère ìbejì! Orí rèé, ẹnu rèé, ẹsẹ̀ rèé, méjì! Ọmọbìnrin yẹn ò ní wọ ilé mi!"

Ní Igbó-Ọrà, ohun méjì tó bá ti dúró pọ̀, ìbejì ni.

Tàófíìk ní kí n jọ̀ọ́, kí n pa á rẹ́.

"Èmi Ràhmọ̀t? Kí n pa iṣẹ́ ọwọ́ mi rẹ́?"

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì àti bébà, ó di ilé Alfa. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Alfa. Ẹ ní ère ni mo yà. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ lójú yín."

"Kọ ọ́."

Mo kánjú kọ ọ́, torí mo fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ìlà kan wọ́. Mo ká bébà náà, mo mú òmíràn.

"Kí ló dé tí o ò tún ibẹ̀ ṣe?"

"Èyí tó bá wọ́, a kì í tún un ṣe, sà. Àtìbẹ̀rẹ̀ la ti ń tún un kọ."

Alfa wo àwọn ọmọ kéwú tó gbé wàláà lé itan. 

"Ohun tí mò ń sọ fún àwọn wọ̀nyí náà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì í, kó fọ wàláà." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwé ni. Mo ṣì í wò. Àmọ́ òsì lo ti ń bẹ̀rẹ̀! Ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé yìí."

"Ẹ máa bọ̀ láti ọ̀tún, sà. Èmi ń bọ̀ láti òsì. A ó pàdé láàárín."

Alfa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ yìgì wa, Bìsìmílà tí Alfa fi tàdáà, yíǹkì kéwú rẹ̀, kọ wà ní apá ọ̀tún ilẹ̀kùn, ayọ̀ méjì tèmi wà lósì. Tàófíìk sì wà láàárín, nínú agbádá.

Koríko náà dúró jẹ́ẹ́.