Ìlà Mẹ́rin

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀ tún ti so mọ́ra wọn!"

Àbúrò yí kọ̀ǹpútà sí i. Ìdánwò tí àwọn méjèèjì máa ṣe lọ́la ní kíláàsì kọ̀ǹpútà wọn ni pé kí wọ́n kọ ètò tí yóò mú kí kọ̀ǹpútà gbé ìkíni jáde ní ìlà mẹ́rin. Àbúrò ti kọ àṣẹ mẹ́rin sábẹ́ ara wọn, ó sì rò pé bí òun ṣe tò wọ́n ni wọn yóò ṣe jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìkíni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ́ jọ sórí ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tó kù. Àmì kékeré kan ni, tí a ń fi sí ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà lè bọ́ sí ìlà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ń di àbúrò rẹ̀ sínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò yìí ló tú u fó fún bàbá wọn pé ẹ̀gbọ́n ń sá ní kíláàsì, bàbá sì gba fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ló wí. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé o! Ẹ̀rù ti ń bà mí. Bàbá ní tí mi ò bá yege, ọ̀dọ̀ Àǹtí alágbàfọ̀ ni mo ti máa lọ kọ́ṣẹ́."

"Ṣebí o kúkú fẹ́ràn àtimáa ṣeré nínú omi."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ìdánwò, olùkọ́ dúró lẹ́yìn àbúrò. "Ìlà mẹ́rin ni mo ní. Ìlà kan ni mo rí."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bojú wo kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n tò gúnrégé. Ó wò ó títí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún bàbá wọn níbi tó ti ń jó irin. "Bàbá, èmi ni mo ṣì í lọ́nà. Ẹ jẹ́ kó dúró."

Bàbá pa iná irin. "Mo ti lọ bẹ olùkọ́. Wọ́n ti pa ìwé orúkọ àwọn tó yege dé. Ẹyin lohùn, èyí tó bọ́ lẹ́nu rẹ ti fọ́."

Lọ́jọ́ tí àbúrò ń lọ, ẹ̀gbọ́n ló bá a di aṣọ.

"Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Olùkọ́ wà níbẹ̀, mi ò bi í léèrè. Ẹ̀yin ni mo bi."

Ọkọ̀ gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n yege, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ̀ fún un nínú ilé, òun náà kò sì lè yọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ìbínú kò ṣàjèjì láàárín ọmọ ìyá. Bí ẹ bá ń bínú sí ẹnìkan, ẹ sọ ọ́ sí i lójú. Ṣùgbọ́n bó bá bi yín léèrè ọ̀nà, ẹ má ṣe júwe ọ̀gbun fún un. Ìbínú yóò tán nílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ti kó sí ọ̀gbun lè má jáde mọ́.