Ààyè Táìlì Méjìlá

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Kò sí àbùmọ́ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí a yọ kúrò. Ilé náà ṣì wà ní Ìwó, ní àdúgbò àwọn Onítẹ̀bọmi. Ẹni tó bá fẹ́ wo ilẹ̀ yàrá náà, wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Wọn kò kàn ní bá a wọlé ni.

Jemimah, ìyàwó Tíṣà Olúdáre, kú nígbà òjò ọdún 1983. Àìsàn náà kò pẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi dé láti Kuta pẹ̀lú ọkọ̀.

“Ọmọ wa ni,” ni wọ́n wí. “Ilé bàbá rẹ̀ ni yóò sùn.”

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí. Wọ́n sin ín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Kuta. Olúdáre padà sí Ìwó pẹ̀lú bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí Jemimah wà láyé, ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ti ṣí, símẹ́ǹtì ibẹ̀ ti di gbágungbàgun. Bó bá kúnlẹ̀ gbàdúrà láàárọ̀, yóò fọwọ́ pa orúnkún.

“Bàbá Jùmọ̀kẹ́, ìgbà wo lẹ máa bá mi tẹ́ táìlì síbí?”

“Táìlì kẹ̀? Ṣé ààfin ni?”

Wọn a jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ a tún di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan rẹ̀ ku díẹ̀, Olúdáre pinnu pé òun yóò tẹ́ táìlì náà. Ìjọ yóò wá gbàdúrà nínú yàrá ọ̀hún. Ọlájùmọ̀kẹ́, ọmọ wọn obìnrin, yóò sì ti Jos wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Mùkáílà, bíríkìlà kan láti agboolé kan lẹ́yìn ọjà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

Mùkáílà na tépù láti ògiri dé ògiri.

“Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lóòró, mẹ́wàá níbùú. Táìlì tí ẹ fẹ́ yìí, ẹsẹ̀ bàtà kan ni lọ́nà méjèèjì. Ọgọ́fà ló máa gbà. Ẹ fi mẹ́wàá lé e nítorí èyí tó bá fọ́.”

“Mẹ́wàá? Ṣé o fẹ́ máa jẹ ẹ́ ni?”

“Tíṣà, ọwọ́ bíríkìlà ní í fọ́ táìlì, kì í ṣe eyín rẹ̀.”

Wọ́n ra àádóje. Olúdáre fúnra rẹ̀ ló kà á wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta péré ló fọ́. Síbẹ̀, nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, gbogbo páálí ti ṣófo, ilẹ̀ kò sì tíì bò tán. Ààyè kan ṣẹ́kù lábẹ́ fèrèsé. Táìlì méjì níbùú. Mẹ́fà lóòró.

Mùkáílà gbé páálí, ó gbọ̀n ọ́n.

“Wọ́n rẹ́ wa jẹ ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Èmi ni mo kà á.”

“Àfi kí n tún iṣirò kọ́, Tíṣà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Olúdáre kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún ra méjìlá. Olúdáre jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Mùkáílà ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò gbé e lélẹ̀, yóò fi èèkù òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀, yóò dẹ etí sí i. Yóò mú òmíràn. Òjò ti dá. Ìta dákẹ́. Àwọn ewúrẹ́ aládùúgbò pàápàá kò ké.

Nígbà tí ó tẹ́ èyí tó kẹ́yìn, Mùkáílà gbé orí sókè.

Ààyè náà ṣì wà lábẹ́ fèrèsé. Méjì níbùú. Mẹ́fà lóòró.

Ó yíjú sí Olúdáre.

“Tíṣà, lójú yín ni mo ṣe tò ó.”

“Lójú mi ni.”

“Gbogbo ẹ̀ ni mo tẹ́.”

“Gbogbo ẹ̀ lo tẹ́.”

Mùkáílà mú tépù. Ó tún wọ̀n ọ́n. Yàrá náà kò tóbi sí i. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lóòró, mẹ́wàá níbùú.

“Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta,” ló wí. Kò dúró kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olúdáre nìkan wọlé. Ó bọ́ bàtà. Táìlì tutù bí omi kànga. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ààyè tó wà lábẹ́ fèrèsé.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹní tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ òórùn káńfọ̀, irú èyí tí Jemimah máa ń fi sáàárín aṣọ. Kò sì sí aṣọ rẹ̀ kankan mọ́ nínú ilé. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti kó wọn lọ. Olúdáre dẹ etí. Èémí kan jáde nísàlẹ̀, kékeré, bí ti ẹni tó yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun.

Ẹ̀rù kò bà á. Ó gbé ẹní rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó sì sùn. Láti òjò ọdún tó kọjá, kò tíì sun irú oorun bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Àlàní, ẹ̀gbọ́n Jemimah ọkùnrin, ránṣẹ́ pè é sí Kuta. Olúdáre dọ̀bálẹ̀.

“Dìde, Dáre. Wá wo nǹkan.”

Táìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tò ó léra wọn. Kò sí èyí tí wọ́n lò nínú rẹ̀.

“Àwa náà fẹ́ fi táìlì bo ojú oórì rẹ̀ kí ìrántí tó dé,” ni Àlàní wí. “Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi. Méjì níbùú, mẹ́fà lóòró. Méjìlá ni mo rà. Nígbà tí bíríkìlà dé, kò rí ibi tí yóò tẹ́ ẹ sí.”

Olúdáre wo ilẹ̀. Ó tẹ́jú láti ẹnu ọ̀nà títí dé àtẹ̀gùn. Kò sí oórì. Kò sí àpá rẹ̀.

“Ibí la sin ín sí,” ni Àlàní wí. “Ìwọ náà wà níbẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Àlàní wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ṣé ó wà lọ́dọ̀ rẹ?”

Omi ti dé ojú Olúdáre. Àlàní rí i, ó mi orí.

“Bó bá wà níbẹ̀, sọ fún un pé a ò bínú. Kó táìlì yìí lọ. Kò wúlò fún wa mọ́.”

Olúdáre kó o dé Ìwó, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti lò ó. Ó fẹ́ kí ààyè náà wà bẹ́ẹ̀ títí òun náà yóò fi lọ.

Ṣùgbọ́n Ọlájùmọ̀kẹ́ dé ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrántí. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀.

“Bàbá, kí lèyí? Ó dà bí...” Kò parí rẹ̀. “Ìjọ ń bọ̀ lọ́la. Ṣé báyìí ni wọ́n máa bá a? Táìlì rèé lọ́dẹ̀dẹ̀ o!”

Kí ni bàbá yóò sọ fún ọmọ? Pé, ‘Rọra, ìyá rẹ ń sùn lábẹ́ fèrèsé’? Ó ní kí wọ́n pe Mùkáílà.

Mùkáílà kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ sétí ààyè náà, ó mú táìlì dání.

“Ṣé kí n dí i, Tíṣà?”

Olúdáre wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

“Dí i.”

Táìlì Kuta wọlé. Ọ̀kan ò tóbi jù, ọ̀kan ò kéré jù. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sáyè rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ààyè kò sí mọ́. Mùkáílà mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọlájùmọ̀kẹ́ fi omi nù ún, ó ń dán.

Ìjọ wá. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n yin ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Olúdáre wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé abẹ́ fèrèsé.

Ó tutù. Gbogbo yàrá náà tutù bákan náà. Kò sí òórùn káńfọ̀. Ó dẹ etí títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan tó ń ti Kuta bọ̀ yà sílé náà. Iṣẹ́ tí Àlàní rán an kò gùn.

“Wọ́n ní ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ṣì tẹ́jú. Wọ́n ní, ṣé ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín?”

Olúdáre mú òòlù. Ọlájùmọ̀kẹ́ sáré wọlé, ó ń pariwo, “Bàbá! Bàbá, ẹ ṣe sùúrù!” Kò gbọ́. Ó fọ́ méjèèjìlá. Ó fi ọwọ́ kó àfọ́kù wọn kúrò. Símẹ́ǹtì ló wà nísàlẹ̀, gbígbẹ, bíi ti ibi gbogbo.

Ó ní kí wọ́n tún pe Mùkáílà.

“Mélòó ló máa gbà?”

“Méjìlá péré, Tíṣà. Ibi tí ẹ fọ́ yẹn náà ni.”

“Rà á wá. Tò ó lójú mi.”

Mùkáílà tò ó. Olúdáre jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ṣẹ́ ojú. Ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Páálí ṣófo. Mùkáílà gbé orí sókè, inú rẹ̀ dùn.

“Ó pé, Tíṣà. Kò ku ibì kankan.”

“Tún un kà.”

“Tíṣà, ó ti pé.”

“Mùkáílà, mo bẹ̀ ọ́,” ni Olúdáre wí. “Tún un kà. Wò ó dáadáa, bóyá ó kù.”