Àgùntàn Tí Kì Í Yọni Lẹ́nu

"Fọláwẹ̀mí, wọ́n ti fẹ́ tan fíìmù náà o!" Stella ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá àgbà ní kí n mú Kòníyọnu lọ jẹko ná."

"Àgùntàn! Ṣé òun lọ̀rẹ́ ẹ ni?"

Ìyá Fọláwẹ̀mí ló sọ àgùntàn náà ní Kòníyọnu kí ọlọ́jọ́ tó dé, orúkọ yẹn sì bá a mu. Koríko àkùrọ̀ ni o, ti ilẹ̀ gbígbẹ ni o, ti ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Òjò Ifọ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó ti lóyún, ó kù díẹ̀ kó bí. Nínú gbogbo ohun tí ìyá Fọláwẹ̀mí fi sílẹ̀, àgùntàn yìí àti Fọláwẹ̀mí nìkan ló ṣì ń mí.

Gàrí ni ìyá àgbà ń ṣe tà ní ọjà Àgbàdo, lágbègbè Ifọ̀ náà. Ó máa ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Má fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù o! Májèlé ni. Sá a lórí páànù kó gbẹ dáadáa."

Fọláwẹ̀mí mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń yún un. Ó so Kòníyọnu mọ́ ìdí máńgòrò, ó kó èèpo tí ìyá àgbà bó láàárọ̀ sí i níwájú. "Ṣebí kì í yọni lẹ́nu," ló wí, ó bá sáré tẹ̀lé Stella.

Nígbà tó padà dé, ìfófòó ti bo ẹnu Kòníyọnu, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sáré bu epo pupa sí i lẹ́nu, epo ń ṣàn padà.

"Kòníyọnu, jọ̀ọ́! Dìde!"

Ẹ̀mí bọ́ lára àgùntàn náà. Ọmọ inú rẹ̀ ṣì ń mira lábẹ́ ọwọ́ Fọláwẹ̀mí. Nígbà tó yá, òun náà kò mira mọ́.

Ìyá àgbà ti ọjà dé, ó rí èèpo tútù nílẹ̀. Fọláwẹ̀mí kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo rò pé kò ní ṣe é ní nǹkan kan ni."

"Ìyá rẹ náà kì í ráhùn," ni ìyá àgbà wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo wa la rò pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é."

Lọ́jọ́ kejì, Fọláwẹ̀mí sá èèpo sórí páànù. Ó ti tẹ́ ẹ tán kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ mọ́. Áà, ó dùn ún wọra! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa tọ́jú ẹni tí kì í ráhùn àti ẹran tí kì í yọ yín lẹ́nu. Àwọn náà lè kú mọ́ wa lọ́wọ́.